Ohùn Òṣìkà: Sinimá Ayé, Fádèyí Olóró, àti Ọfọ̀ tí Ọmọ Ilé-Ìwé Ń Sá Fún

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ wa kan ọfọ̀ nínú ewì alohùn ní kíláàsì SS2, n kò tíì ka gbólóhùn kẹta tán tí ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó dìde dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mọ́mì mi ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ yẹn wọ etí mi." Kí n tó rí èsì fún un, ọmọkùnrin kan ní ìlà ẹ̀yìn ti ranjú, ó ti sọ ohùn rẹ̀ di ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù bí àgbàlagbà òṣìkà. Kíláàsì dàrú. Ẹ̀rín sọ, wọ́n ń pariwo pé, "Fádèyí! Fádèyí Olóró!"

N kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kò tíì bí ọmọkùnrin náà nígbà tí eré Àrélù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Orí fóònù ni ó ti rí ègé kéékèèké lára rẹ̀. Bí mo ti ń sọdá ojú irin rélùwéè Àgbàdo lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: ta ló kọ́ àwọn ọmọ wa pé ohùn òṣìkà ni ohùn ọfọ̀? Ìdáhùn tí mo rí, tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ni pé sinimá wa ló kọ́ wọn, àgàgà àwọn sinimá ẹlẹ́rù tí a fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe láti 1979 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990. Àwọn sinimá yìí kan náà ló sì kọ́ ìran tèmi ní ìjìnlẹ̀ Yorùbá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Hubert Ògúǹdé ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. A bí i ní Ọ̀ṣọ́sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọdún 1916. Ọlọ́pàá ni kó tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1945 láti di òṣèré tí ń fi eré jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé inú igbó awo ni eré àjẹ́ ti jáde, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọmọ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Ògúǹdé, àti pé eré rẹ̀ àkọ́kọ́, ní 1944, dá lórí Ọgbà Édẹ́nì. Ìjọ kan ní Èkó ni ó ṣe é fún. Lẹ́yìn èyí ó ṣe eré lórí ìyanṣẹ́lódì, ó ṣe lórí ìyà àwọn òṣìṣẹ́, ó ṣe lórí ìjà àwọn olóṣèlú. Ní 1964 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú. Nígbà tí ó fi gbé Ayé jáde lórí ìtàgé ní 1972, ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1979 ó sọ eré náà di sinimá. Ọlá Balógun, tó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ìlú Paris, ni olùdarí. Balógun yìí ló ti darí Àjàní Ògún ní 1976, sinimá gbọọrọ àkọ́kọ́ tí a fi èdè Yorùbá ṣe, nínú èyí tí Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, ti kópa. Nínú Ayé, Ògúǹdé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, àgbà awo tó dìde láti gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjẹ́. Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Ọ̀ṣẹ́túrá sì tún bá ìjà lọ níbẹ̀.

Ẹ má fi ojú sinimá òde òní wo ètò ìnáwó wọn. Àpò olówó eré fúnra rẹ̀ ni owó ti ń jáde. Àwọn ìyàwó àti ọmọ Ògúǹdé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ń kó fíìmù lọ fọ̀. Bí ó bá sì dé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ eré náà ni yóò gbé ẹ̀rọ àti ròólù sínú mọ́tò, tí wọn yóò máa gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, nítorí pé bí ẹ̀dà kan bá fi lè bọ́ sọ́wọ́ olè, ó parí. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, fi ojú ara rẹ̀ rí i: àwọn olè ṣe ẹ̀dà Ọ̀run Móoru rẹ̀ ti 1982 sórí fídíò, gbèsè tó sì ti ibẹ̀ jáde kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Mo rí Ayé nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn kan ni wọ́n ti fi í hàn, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń dún gbùrùgbùrù lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo "rí" i, irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní kété tí àwọn àjẹ́ péjọ lóru, mo fa ìborùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bojú, n kò sì ṣí i títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Etí ni mo fi wo sinimá náà. Ìlù, igbe, ẹ̀rín, lẹ́yìn náà ohùn àgbàlagbà tí ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, tí ìkan ń fa èkejì wá, tí mo mọ̀ láìrí i pé nǹkan yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá dé ìparí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń sìn mí lọ sí ilé ìgbẹ́ lálẹ́. Síbẹ̀, ní ọ̀sán, ohùn yẹn náà ni a ń sín jẹ ní àgbàlá, à ń du ta ni yóò sọ ọ́ pẹ́ jù láìmí.

Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà pé owó tí kò sí ló fà á tí ohùn fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n ojú tí àwọn sinimá wa ní kò pọ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni kí a dá kámẹ́rà dúró, kí ènìyàn kúrò, kí ẹranko tàbí èéfín dúró ní ipò rẹ̀, kí a tún tan kámẹ́rà. Onídán ará Faransé kan, Georges Méliès, ti lo ọgbọ́n yìí ní 1896, tí obìnrin tó jókòó lórí àga di egungun òkú. Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ ní 1979, ọmọdé tó bá lajú sì lè mọ ibi tí wọ́n ti gé e. Bí ojú kò bá lè dẹ́rù bani tó, ẹnu ni yóò ṣe é.

Èyí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, òṣèré kan wà tí ń jẹ́ Bela Lugosi, ọmọ ilẹ̀ Hungary, tó ṣe Dracula lórí ìtàgé ní 1927 àti nínú sinimá ní 1931. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí kò lówó lọ́wọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ọ̀kan nínú sinimá bẹ́ẹ̀ ni The Corpse Vanishes ti 1942, tí kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Àwọn ìyàwó ń ṣubú lulẹ̀ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, òkú wọn sì ń pòórá. Ọ̀mọ̀wé òṣìkà kan ló fi òdòdó olóòórùn àrà ránṣẹ́ sí wọn, kí ó lè fa omi kan lára wọn fún aya rẹ̀ kí aya náà má bàa darúgbó. Obìnrin oníròyìn kan ló tú àṣírí rẹ̀. Ìtàn náà kò mọ́pọlọ dání tó bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n bí Lugosi bá ti ya ojú, tí ó sì fa gbólóhùn rẹ̀ gùn pẹ̀lú ahọ́n àjèjì rẹ̀, èrò inú ilé sinimá yóò gbàgbé pé pákó ni wọ́n fi kan ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohùn tiwọn ń dẹ́rù bà wọ́n nítorí pé ó jọ ti àlejò. Tiwa ń dẹ́rù bà wá nítorí pé ohùn ilé ni, ohùn bàbá àgbà tí a kò lóye tán mọ́.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ Jímọ̀ Àlíù, tí wọ́n ń pè ní Àwòrò. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni. Babaláwo ni bàbá rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Akin Ògúngbè, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ní 1966, ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1967, ó sì padà sídìí eré ní 1975. Àrélù rẹ̀, tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀wádún 1980, ló sọ Òjó Arówóṣafẹ́ di Fádèyí Olóró. Ní àdúgbò wa nígbà náà, ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ni onílé gbogbo ọmọ àdúgbò ní ọjọ́ Àrélù. Fádèyí yóò yọ pẹ̀lú àdó àti ìwo lára, ojú rẹ̀ á là kalẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ á kọ́kọ́ dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Òṣìkà tí kò fi ìkà rẹ̀ pamọ́ ni. Ó ń fi í yangàn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tó dojú kọ ọ́: Òrìṣàbùnmi, tí Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ṣe. Kí ni Òrìṣàbùnmi fi bá a jà? Ọfọ̀ náà ni. Kí ni Ọ̀ṣẹ́túrá fi bá àwọn àjẹ́ jà nínú Ayé? Ọfọ̀ náà ni. Ẹni ire àti ẹni ibi, inú agbọ̀n kan náà ni wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀. A gbàgbé ti ẹni ire, a rántí ti òṣìkà, nítorí pé òṣìkà ló ní ẹ̀rín, òun ló ní aṣọ, òun ni ọmọdé lè sín jẹ. Àléébù ọgbọ́n eré ni, kì í ṣe ẹ̀bi Arówóṣafẹ́. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ débi tí iṣẹ́ náà fi gba èdè lọ́wọ́ àwọn tó kù.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá tó jáde ní 1984, pín ewì wa sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí ohùn ni a fi ń dá wọn mọ̀: bí ọdẹ bá ki ẹnu bọ ìjálá, ohùn ni yóò sọ fún ọ pé ìjálá ni, ohun yòówù kí ó máa sọ. Bẹ́ẹ̀ ni rárà, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún ìyàwó. Àwọn mìíràn sì wà tí a ń fi kókó àti ìhun wọn dá mọ̀, bí oríkì, ẹsẹ Ifá, òwe àti àlọ́ àpamọ̀. Apá kejì yìí ni ọfọ̀ wà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọfọ̀ kò ní ohùn kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ènìyàn lè sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ìdí ewé, ó lè sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn tó ń bú ramúramù yẹn, tí àwọn ọmọ mi fi mọ̀ pé "ọfọ̀ dé," orí ìtàgé àti inú sinimá ni ó ti wá.

Kí wá ni ìhun ọfọ̀? A ó pe ohun tí a fẹ́ lò, a ó sọ orúkọ rẹ̀ tí ó farasin, a ó ka ohun tí a ti rí i tí ó ń ṣe láti àtètèkọ́ṣe, lẹ́yìn náà a ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ máa ń dúró lórí ìró: orúkọ ewé pèrègún gbé "pè" mọ́ra, nítorí náà òun ni a fi ń pe ohun tí a fẹ́ kó wá. Pierre Verger, tó kó ìmọ̀ ewé jọ lọ́dọ̀ àwọn babaláwo wa, tí ìwé rẹ̀ Ewé sì jáde ní Brazil ní 1995, ṣàlàyé dáadáa pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú orúkọ ni okùn tó so ewé mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọfọ̀ wà fún aboyún kó lè bí wẹ́rẹ́, ó wà fún ọjà títà, ó wà fún oró àkeekèé. Mélòó nínú wọn ni ẹ ti rí nínú sinimá?

Ohun kan tún wà nínú Ayé tí n kò kà sí nígbà èwe mi, tí ó ń yọ mí lẹ́nu nísinsìnyí: orúkọ akọni náà. Nínú ìtàn odù Ọ̀ṣẹ́túrá, irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sáyé, Ọ̀ṣun nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Àwọn ọkùnrin kò kà á sí, wọn kò pè é sí ìgbìmọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ń bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni bí wọ́n ti ṣe sí obìnrin tó wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun. Ọmọkùnrin tí ó bí lẹ́yìn náà, tí ó dípò rẹ̀ láàárín wọn, ni Ọ̀ṣẹ́túrá. Ìtàn ìpẹ̀tù ni. Ó sọ pé agbára obìnrin tí a kò bọ̀wọ̀ fún ni ń da ayé rú, àti pé ẹ̀bẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀. Ògúǹdé mú orúkọ yẹn, ó fi sọ ọkùnrin tó gbógun ti obìnrin. N kò rò pé kò mọ ìtàn náà. Mo rò pé eré ń fẹ́ ogun, ẹ̀bẹ̀ kò sì kún gbọ̀ngàn.

Àwọn Kétu, Yewa àti Ànàgó gba ọ̀nà mìíràn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi ń bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀: ọkùnrin a wọ aṣọ obìnrin, a gbé igi gbígbẹ́ lérí, a jó láti tù wọ́n lójú. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní àgbáyé. Ìbẹ̀rù kan náà ni, ọgbọ́n tí wọ́n fi kojú rẹ̀ ló yàtọ̀.

Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé, sinimá fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ní 1985 náírà kan ṣì tó dọ́là kan. Nígbà tó fi di 1990, nǹkan bí náírà mẹ́jọ ni wọ́n ń fi ra dọ́là kan. Ta ni yóò gbé fíìmù lọ fọ̀ ní òkè òkun? Fídíò ló rọ́pò. Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Igbo, gbé owó kalẹ̀ fún Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ti Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ní 1989, èrè tó rí nínú irú fídíò Yorùbá bẹ́ẹ̀ ló sì gbé e dé ìdí Living in Bondage ní 1992. Ògúǹdé kò rí ìyẹn. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1990. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò tó tẹ̀ lé e, ìhun ọfọ̀ dínkù, ariwo pọ̀ sí i. Àwọn òṣèré tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn ń darúgbó, àwọn tó rọ́pò wọn gbọ́ ọ lẹ́nu Fádèyí.

Ẹ tún wo orúkọ sinimá yẹn: Àjẹ́ Ni Ìyá Mi. Ìyá ọmọbìnrin tó di etí wá sí ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ti ń palẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ láti gbèjà iṣẹ́ mi. Ó kí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo ní ẹ ò mọ iṣẹ́ yín." Ó wá sọ pé ìyá tó bí òun ṣe opó láti kékeré, kò sì ní ọmọkùnrin. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé sinimá àjẹ́ kan wá sí ìlú wọn, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í sín ohùn inú sinimá náà bí ìyá yìí bá ń kọjá. Eré ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ọmọ kan kú ní agbolé kejì, kò jẹ́ eré mọ́. Èkó níbí, nínú yàrá kan ṣoṣo, ni ìyá náà kú sí, kò padà délé. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti Nàìjíríà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn. N kò sọ ọ́ fún un. Kí ni yóò fi ṣe?

Ohun tí mo bi í ni bóyá ó máa ń wúre fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Ó ní lójoojúmọ́. Mo ní kí ó sọ díẹ̀ níbẹ̀ fún mi. Bí ó ti ń wí i, ó ń fi omi wé ohun tí omi ń ṣe, ó ń fi ilẹ̀ wé ohun tí ilẹ̀ ń ṣe, ó sì ń ní kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ òun. Mo kàn ń wò ó. Òun náà dákẹ́ láàárín gbólóhùn kan, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, Tíṣà, ẹ ti mú mi."

Nígbà tí a padà sórí iṣẹ́ náà, n kò mú ọfọ̀ inú ìwé. Mo hun méjì fúnra mi, kúkúrú, ọ̀kan láti ẹnu ẹni tó fẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ̀tá rẹ̀, èkejì láti ẹnu ẹni tó fẹ́ kí ọ̀nà là fún aláìsàn. Mo ka méjèèjì pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Mo ní kí wọ́n sọ èyí tí òṣìkà ń sọ. Ìlà ẹ̀yìn ní àkọ́kọ́ ni, ìlà iwájú ní èkejì, ariwo sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò bá wọn pariwo. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún èkejì kà, mi ò tíì gbọ́ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún."